Ṣé O Mọ̀? Ọkpa Obiagu àti Iṣan Ọ̀dọ́ Eléré Ìdárayá

Ṣé o mọ̀ pé kí ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Obiagu, láàárín ìlú Enugu, tó lọ ra ìyẹ̀fun purotéènì inú ike, ìbátan ìyẹ̀fun náà ti ń kọjá níwájú ilé wọn láràárọ̀? Ọkpa ni. Ó wà nínú abọ́ tó ń rú èéfín lórí ìyá tó ń kiri, igbe rẹ̀ sì ni “Ọkpa di ọkụ!”, ọkpa gbígbóná rèé o!

Dákun, má tíì pè é ní mọ́ínmọ́ín! Ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín là ń rẹ, là ń bó, kí a tó fi omi lọ̀ ọ́. Ọkpa kò fẹ́ gbogbo wàhálà yẹn, gbígbẹ ni wọ́n ń lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun.

Àwọ̀ rẹ̀ tó ń dán gbinrin yẹn ńkọ́? Epo pupa ni! Ìyẹ̀fun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Ìgbà tí ìyá ọlọ́kpa bá da epo sí i, tó fi ọwọ́ pò ó títí kò fi sí ibi tó ṣẹ́ kù ní funfun, ni ó tó di àwọ̀ òféèfèé.

Bí o bá dúró wo bí wọ́n ṣe ń fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó, wàá fẹ́ pariwo pé omi ti pọ̀ jù, ó ti bàjẹ́. Ní sùúrù! Ohun tó ń ṣàn geere yẹn ni wọ́n ń dà sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí nínú ọ̀rá, tí wọ́n á sì sè. Bí ó bá jinná tán, o lè fi ọ̀bẹ gé e.

Ta ló máa rò pé èso ọkpa tó lágbára tó báyìí ń sá fún oòrùn? Òdòdó rẹ̀ ń tàn lórí ilẹ̀, àmọ́ gbàrà tí òdòdó bá ti ṣe tirẹ̀ tán, ọrùn rẹ̀ á gùn, á tẹ orí bọ inú iyẹ̀pẹ̀, inú òkùnkùn níbẹ̀ ni èso á sì ti gbó.

Ó ku èyí tó yani lẹ́nu jù. Ibo lo rò pé purotéènì inú ọkpa ti ń wá? Láti inú afẹ́fẹ́ ni! Náítírójìn ni ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí, àwa kò sì lè fi ṣe nǹkan kan. Kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé nínú kókó ara gbòǹgbò ọkpa ló ń mú un, tó ń sọ ọ́ di ohun tí ewéko náà fi ń ṣe purotéènì.

Tún un rò wò: bí ọmọ ọdún 15 bá jẹ ọkpa, tó sáré títí ó fi làágùn, tó wá sùn, ohun tó jẹ́ afẹ́fẹ́ lóko lánàá ti di iṣan itan rẹ̀ lónìí. Ṣé o gbọ́ irú rẹ̀ rí?

Gbogbo ayé ń pè é ní ẹ̀pà Bambara, orúkọ àwọn èèyàn Mali. Ibi tí ìbátan rẹ̀ ti ń lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀ sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ: agbègbè ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ni!

Nínú gbogbo ẹ̀wà àti ẹ̀pà tí Áfíríkà ń jẹ, ẹ̀pà gidi ló ṣe ìkíní, ẹ̀wà tí a mọ̀ ló ṣe ìkejì. Ìkẹta ńkọ́? Ọkpa! Síbẹ̀, yí ike purotéènì tó wá láti òkè òkun padà, ka ẹ̀yìn rẹ̀: sóyà, ìrẹsì àti ẹ̀wà tútù àwọn òyìnbó ni wàá máa bá pàdé.

Nínú 100 gíráàmù ọkpa gbígbẹ, purotéènì tó ń mú iṣan dàgbà tó nǹkan bí 18 sí 24 gíráàmù. Ọ̀rá wà níbẹ̀ tó bíi 6, èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù sì jẹ́ èròjà tó ń fún ẹsẹ̀ lókun láti sáré. Èmi ò mọ iye ike tó lè fi gbogbo ìyẹn sínú ìdì kan ṣoṣo.

Àmọ́ má tíì jó o! Omi tí wọ́n fi pò ó ń dín purotéènì rẹ̀ kù ní ẹnu, nítorí náà ìdì ọkpa kan tí wọ́n fi 50 gíráàmù ìyẹ̀fun ṣe á ní purotéènì bíi 10 gíráàmù. Ìdì méjì ni kí ọ̀dọ́ náà jẹ.

Ṣé o ti rí i tí wọ́n ń fi ògì mu ọkpa? Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni wọ́n ń mu yẹn! Ẹ̀wà ní èròjà lysine dáadáa ṣùgbọ́n methionine rẹ̀ kéré, àgbàdo sì ní methionine, lysine ló kù díẹ̀ káàtó fún un. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú ikùn, ọ̀kan á dí àlàfo èkejì.

Ohun kan náà ni àkàrà àti ẹ̀kọ ń ṣe ní Abẹ́òkúta. Àdàlú ńkọ́? Àgbàdo àti ẹ̀wà nínú ìkòkò kan ṣoṣo: àwọn ìyá wa ti yanjú ìṣirò yẹn kí ẹnikẹ́ni tó wọn lysine nínú ilé àyẹ̀wò.

Gbọ́ ìròyìn ayọ̀: kò pọn dandan kí wọ́n pàdé nínú abọ́ kan! Jẹ ẹ̀wà láàárọ̀, jẹ ìrẹsì lálẹ́, ara á tò wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀.

Enugu tún ní fiofio, ẹ̀wà tí wọ́n ń sè pẹ̀lú achicha, kókò gbígbẹ. Ará Èkìtì tó bá rí i á ké pé “Òtílí wa rèé!”, ará Enugu á ní rárá, tiwọn ni. Àmọ́ Íńdíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín!

Mọ̀ dájú pé láti ọjọ́ tí Enugu ti di ìlú ńlá ni ewéko ti ń gbé e ró. Ní 1909, fàdákà ni òyìnbó Kitson àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń wá kiri níbẹ̀, èédú ni wọ́n rí. Kí sì ni èédú bí kò ṣe igbó ayé àtijọ́ tí ilẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀?

Ìlú tí ọkpa ti ń gbóná yìí náà ni wọ́n bí Jay-Jay Okocha sí, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 1973. Nígbà tó máa fi di ọmọ ọdún 17, ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Enugu Rangers, ó sì ti dé Jámánì!

Ọdún tí ogun abẹ́lé parí, 1970, ni wọ́n dá Rangers sílẹ̀. Ọdún méje péré lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gba ife àwọn agbafe ilẹ̀ Áfíríkà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ti wá gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré Nnamdi Azikiwe ní Enugu. Ní 1999, àwọn tí kò tíì pé 20 ni. Ní 2009, àwọn tí kò tíì pé 17 ni. Ṣé o wà níbẹ̀?

Dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ní ilẹ̀ Igbo ti mọ ìyẹ̀fun purotéènì tipẹ́, wọ́n sì mọ̀ ọ́n nínú omijé: nígbà ogun abẹ́lé, àgbàdo, sóyà àti mílíìkì tí wọ́n lọ̀ pọ̀ wà lára oúnjẹ tí ọkọ̀ òfuurufú àwọn ìjọ ń gbé balẹ̀ sí pápá òfuurufú Uli lóru, fún àwọn ọmọ tí kwashiorkor ti mú ikùn wọn wú.

Orúkọ àìsàn yẹn gan-an, èdè Ga ní Gánà ló ti wá. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, ló gbà á lẹ́nu àwọn ìyá níbẹ̀, tó sì fi kọ̀wé fún gbogbo ayé ní 1935.

Ṣé o rò pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń ronú ìyẹ̀fun purotéènì fún ọmọ Nàìjíríà? Oshodi ni! Àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba tó wà níbẹ̀ ti po sóyà mọ́ ògì láti nǹkan bí 1970, wọ́n sì pè é ní soy-ogi.

Sóyà tí gbogbo wa ń pè ní tiwa yìí, àlejò ni. 1908 ló kọ́kọ́ dé, Moor Plantation ní Ìbàdàn ni wọ́n sì gbìn ín sí. Ọkpa ti wà nílé tipẹ́tipẹ́ kí ó tó wọlé!

Ìbàdàn kò sì tíì tán. Ní iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, oríṣi ẹ̀wà tó ju 15,000 lọ ni wọ́n tọ́jú sínú òtútù. Kò sí ibi tí àkójọ irú ẹ̀wà yìí ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ọkpa náà wà níbẹ̀, oríṣi rẹ̀ tó nǹkan bí 2,000!

Ṣé o mọ̀ pé èso láti Ìbàdàn ti lọ gbé nínú òkè yìnyín ní ìpẹ̀kun àríwá ayé? Ní 2008, nígbà tí wọ́n ṣí àpò èso àgbáyé ní Svalbard, nǹkan bí 7,000 oríṣi èso láti IITA ló wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó wọlé.

Ó dáa, báwo ni wọ́n ṣe ń fa purotéènì yọ lára ẹ̀wà? Bí a ṣe ń ṣe sítáàṣì ẹ̀gẹ́ gan-an ni: lọ̀ ọ́, fi omi fọ̀ ọ́, jẹ́ kí èyí tí o fẹ́ yà kúrò lára èyí tí o kò fẹ́, kí o gbẹ ẹ́. Ìyàtọ̀ kan ló wà: sítáàṣì ni wọ́n ń yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, purotéènì ni wọ́n ń gbé lọ sínú ike.

Ìyẹn ló jẹ́ kí sóyà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú purotéènì bíi 36 nínú ọgọ́rùn-ún jáde pẹ̀lú 90. Agbára owó iná àti ẹ̀rọ nìyẹn, kì í ṣe idán.

Èyí tí àwọn eléré ń pè ní whey wá ńkọ́, tí owó rẹ̀ ga tó báyìí? Lọ bá àwọn ìyá Fúlàní níbi tí wọ́n ti ń fi omi ewé bọmubọmu se wàrà: omi tó ń ro kúrò nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn ni!

O rí kúlíkúlí tí ò ń fi mu gàárì lásán? Bí wọ́n ti ń fún òróró kúrò lára ẹ̀pà ni purotéènì tó kù ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Ẹ̀pà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bíi 26 nínú ọgọ́rùn-ún. Kúlíkúlí tí wọ́n fún dáadáa lè kọjá 40!

Ẹ̀gúsí gbígbẹ náà ń bẹ ní nǹkan bí 28. Àbí o rò pé adùn nìkan ni?

Irú inú ọbẹ̀ ńkọ́? Igi rẹ̀ ní orúkọ òyìnbó kan nínú orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é: Parkia. Mungo Park ni wọ́n fi ń rántí, ẹni tó kú sínú odò Ọya ní Bussa ní 1806. Ta ni ìbá sọ fún un pé irú ni yóò máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ nìṣó?

Purotéènì 60 nínú ọgọ́rùn-ún, láìsí ẹ̀rọ, láìsí ike! Ní etí Adágún Chad, àwọn obìnrin Kanembu ń fi apẹ̀rẹ̀ àti asẹ́ kó ohun àwọ̀ ewé tó léfòó sójú omi, wọ́n ń sá a lórí iyanrìn, wọ́n ń pè é ní dìhé. Ohun kan náà ni wọ́n ń tà ní ìlú òyìnbó ní owó gọbọi ní orúkọ spirulina, àwọn Aztec ilẹ̀ Mẹ́síkò tí kò mọ Chad rí sì ti ń jẹ ẹ́ láyé àtijọ́.

Ó tó àkókò láti bi ara wa: eélòó gan-an ni ọ̀dọ́ nílò? Ọmọkùnrin láti ọdún 14 sí 18, gíráàmù 52 lóòjọ́, ọmọbìnrin, 46. Kò pọ̀ tó bí àwọn tó ń ta ike ṣe ń pariwo rẹ̀, àbí?

Eléré ìdárayá ní láti fi kún un o! Gíráàmù 1.2 sí 2.0 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan ni àwọn onímọ̀ oúnjẹ eléré fi ẹnu kò sí ní 2016. Ọmọ tó wọn kílò 60 á fi 72 bẹ̀rẹ̀.

Ǹjẹ́ bí ó bá jẹ ẹ ní ìlọ́po mẹ́rin ńkọ́, ṣé iṣan á pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin? Rárá! Ní 2018, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 49 jọ, èèyàn 1,863 ló wà nínú wọn, wọ́n sì rí i pé lẹ́yìn nǹkan bí 1.6 fún kílò kan, àfikún kò fi nǹkan kan kún iṣan mọ́.

Ewéko àti ẹran, ta ló borí? Ní São Paulo, ọ̀dọ́kùnrin 19 tó ń jẹ ewéko nìkan àti 19 tó ń jẹ ohun gbogbo gbé irin fún ọ̀sẹ̀ 12, iye purotéènì kan náà ni gbogbo wọn sì jẹ. Ní 2021, èsì jáde: iṣan wọn dàgbà bákan náà!

Ó tún ṣẹlẹ̀ ní Faransé. Ọkùnrin 161 pín sí mẹ́ta, àwọn kan mu purotéènì ẹ̀wà tútù àwọn òyìnbó, àwọn kan mu ti wàrà, àwọn tó kù mu èyí tí kò ní nǹkan kan nínú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, apá àwọn ẹlẹ́wà àti apá àwọn oníwàrà jọ nípọn ni.

Àwọn alágbára ayé àtijọ́ pàápàá mọ̀ ọ́n. Àwọn ajàgùdù Róòmù tí ń fi idà jà níwájú ọba, “ajẹ-bálì” ni àwọn aráàlú ń pè wọ́n, ìgbà tí àwọn onímọ̀ sì yẹ egungun wọn wò ní Efesu, ọkà àti ẹ̀wà ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n jẹ!

Wọ́n tún ń mu omi eérú ewéko lẹ́yìn ìjà. Egungun wọn fi hàn bẹ́ẹ̀: èròjà tó ń mú egungun le pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti aráàlú yòókù lọ.

Gbọ́ ti ọmọ ọdún 17 yìí, kí ẹnu yà ọ́. Murray Rose, ọmọ Ọsirélíà tí kì í jẹ ẹran, gba wúrà mẹ́ta nínú lílúwẹ̀ẹ́ ní Òlíńpíìkì Melbourne ní 1956. Yànmọ̀ntí wà lára ohun tí àwọn òbí rẹ̀ ń kó lé e lọ́wọ́, yànmọ̀ntí kan náà tó kún oko wa!

Ìyẹn nìkan kọ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Róòmù, ó tún gba wúrà 400 mítà.

Carl Lewis, sárésáré Amẹ́ríkà, náà ńkọ́? Ó ti pé ọmọ ọdún 30, ó ti pa ẹran àti wàrà tì, nígbà tó sá 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 9.86 ní Tókyò ní 1991. Kò sí ẹ̀dá kankan tó tíì sáré tó bẹ́ẹ̀ rí lọ́jọ́ yẹn!

Àwọn sárésáré Kẹ́ńyà tí ayé ń bẹ̀rù, àgbàdo ni wọ́n ń gbé jẹ. Nígbà tí wọ́n ṣírò oúnjẹ mẹ́wàá nínú àwọn tó gbayì jù, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2004, ìdá 10 péré nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí wọ́n ń jẹ ló jẹ́ purotéènì, ìdá 86 gbogbo rẹ̀ sì wá láti ara ewéko.

Ní Etiópíà, àwẹ̀ ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì kò fàyè gba ẹran, ẹyin àti wàrà fún ọjọ́ tó ju ìdajì ọdún lọ. Ìlú náà ṣì ń bí àwọn tó ń sá mítà 10,000 láìmí gúlegúle!

Ṣé purotéènì ni ẹsẹ̀ fi ń sáré ni? Ní 1865, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, Fick àti Wislicenus, fẹ́ mọ̀: wọ́n gun òkè Faulhorn ní Switzerland, gígun wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2,000, lórí sítáàṣì, ọ̀rá àti ṣúgà nìkan, wọ́n sì ń tọ̀ sínú ìgò bí wọ́n ti ń lọ. Ìtọ̀ wọn sọ òtítọ́: èyí tó pọ̀ jù nínú agbára gígun òkè kò wá láti ara purotéènì.

Nítorí náà, ọmọ tó sá fún gàárì, iṣu àti ìrẹsì nítorí pé ó ń wá iṣan, ó ń jẹ epo inú ọkọ̀ ara rẹ̀ run. Bí okun bá tán, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fi purotéènì dáná.

Wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ike náà lójúkojú, nítorí ibí ni mo fẹ́ kí gbogbo òbí àti kóòṣì dúró sí. Ní 2025, ìwé ìròyìn Consumer Reports ní Amẹ́ríkà yẹ ìyẹ̀fun àti ohun mímu purotéènì 23 wò: òjé tó wà nínú àwọn tí wọ́n fi ewéko ṣe jẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án èyí tó wà nínú àwọn tí wọ́n fi wàrà ṣe!

Kí ló fà á? Ewéko ń fa ohun tó wà nínú ilẹ̀ mu, rere àti búburú. Bí wọ́n bá wá kó ọ̀pọ̀ ẹ̀wà rọ sínú ṣíbí kan, ohun tó bá ilẹ̀ wá náà á rọ pọ̀ síbẹ̀.

Má ṣe rò pé ohun tí wọ́n kọ sára ike ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Láàárín 2000 sí 2001, ilé àyẹ̀wò kan ní Cologne ra àfikún oúnjẹ eléré 634 láti orílẹ̀-èdè 13: nínú 94 lára wọn, oògùn amúṣan-wú tí ẹnikẹ́ni kò kọ sára ike ló wà níbẹ̀!

Tí àyẹ̀wò bá sì mú eléré, “èmi ò mọ̀ pé ó wà nínú rẹ̀” kì í gba ẹnikẹ́ni là. Ohun tó bá wọ ẹnu rẹ, ìwọ lo ni ín.

Kì í ṣe àgbà nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ọmọbìnrin Nàìjíríà kan gba wúrà gbígbé irin ní Glasgow ní 2014, ọmọ ọdún 16 ni. Kò pẹ́ rárá tí oògùn méjì tí wọ́n rí nínú ìtọ̀ rẹ̀ fi gba wúrà náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló ń bójú tó ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ àti ohun tó ń mu? Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, òfin 1994 gba iléeṣẹ́ láàyè láti gbé àfikún oúnjẹ sọ́jà láìjẹ́ pé ìjọba kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ìyàlẹ́nu ńlá!

Nàìjíríà ńkọ́? NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, wà láti 1993, nọ́ńbà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lára ike. Bí o kò bá rí i, dá a padà fún ẹni tó fẹ́ tà á fún ọ, bó ti wù kí àwòrán apá tó wà lára rẹ̀ wú tó.

Àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ ní 2016 pé ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀dọ́ eléré ló ń rí purotéènì tó nínú oúnjẹ wọn. Àmọ́ ọmọ tí oúnjẹ ilé wọn kò tó, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn. Oúnjẹ ló nílò, ó sì tọ́ sí i.

Nǹkan kan wà tí gbogbo ewéko ayé kò ní: Vitamin B12. Kòkòrò àìfojúrí nìkan ló ń ṣe é, nítorí náà ọmọ tí kò jẹ ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà rárá gbọ́dọ̀ rí i nínú ohun tí wọ́n fi kún.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, tiyín ju ti ọmọkùnrin lọ nínú èyí! Láti ọdún 14 sí 18, míligíráàmù irin 15 ni ara yín ń béèrè lóòjọ́, 11 ni tiwọn. Ẹ mu ọsàn lé ẹ̀wà lórí kí irin inú rẹ̀ lè wọlé dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí tíì dúró di ìgbà mìíràn.

Sóyà tútù ní olè kan nínú: ó ń dá ohun tó ń da purotéènì nínú ikùn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Sè é jinná, olè náà á kú!

Àti afẹ́fẹ́ tí ẹ̀wà ń kó sínú ikùn? Ṣúgà kan wà nínú rẹ̀ tí ikùn wa kò ní ohun tó lè gé e, àwọn kòkòrò inú ìfun ló ń jẹ ẹ́, tí wọ́n sì ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Kóòṣì tó gbọ́n kì í jẹ́ kí ọmọ jẹ ẹ̀wà wákàtí kan ṣáájú ìdíje!

Ìgbà wo ni ara ọ̀dọ́ ń ṣiṣẹ́ jù? Nígbà tó bá sùn fọnfọn! Inú oorun wúwo ni èròjà tó ń múni dàgbà ti máa ń jáde lọ́pọ̀lọpọ̀, àti pé kò sí ike tó ń ta oorun.

Ó yá, mú bírò. Ọmọ Obiagu tó wọn kílò 60 ń wá 72: ìdì ọkpa méjì láàárọ̀, 20, ife ẹ̀wà àti ife ìrẹsì lọ́sàn-án, 17, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà méjì lẹ́yìn ìdánrawò, 14, ife mílíìkì sóyà, 7, wàrà sóyà díẹ̀ nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí lálẹ́, 18. Ṣírò ẹ̀: 76! Bí ìyá rẹ̀ bá wá se ẹyin kan fún un, á di 82.